Ṣé Kí N Jẹ́ Kí Àbúrò Mi Parí PhD Mi Kí N Tó Sọ Fún Un?

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, àbúrò mi ló ń bá mi kọ PhD tí mo ń ṣe. Gbogbo ẹ̀ pátá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dé yìí, èmi ò kọ ju orúkọ mi lọ nínú ẹ̀... Ìyẹn gan-an kọ́ ni mo fẹ́ bi yín. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bú mi nítorí ìyẹn, ẹ bú mi tán kí ẹ tó máa kà á lọ, mo ń dúró. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé PhD nínú Business Administration yìí, ṣé ó tó nǹkan tí èèyàn ń torí ẹ̀ ba ayé ọmọ ìyá ẹ̀ jẹ́? Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyẹn, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó máa dùn létí. Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé orúkọ mi jáde o. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Onígbòǹgbò tàbí ní Oregun tó bá ka ìwé yìí, kó rò pé ẹlòmíì ni.

Personnel Manager ni mí nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bísíkíìtì ní Oregun. Èmi ni mo ń gbà wọ́n síṣẹ́, èmi náà ni mo ń lé wọn. Ọmọ Èkìtì ni mí, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni ọkọ mi kó tó kú, orúkọ ẹ̀ ni mo sì ń jẹ́ títí di òní, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ wa kò fi mọ̀ pé akọ̀wé stóò wa, èyí tó máa ń wọ kàkí tó ń ka páálí, ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Òun náà sì ni dókítà... dókítà ìwé o, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. PhD nínú Business Administration, èyí tí mo ń sáré lé yìí náà, ó ti gbà á tán kó tó hu irùngbọ̀n dáadáa. Nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá wa pè wá jókòó, wọ́n ní agbára àwọn ò lè ká ẹni méjì, wọ́n ní èmi ni orí mi pé jù o, ṣùgbọ́n obìnrin ni mí, ilé ọkọ ni mo máa kó o lọ. Wọ́n bá fi mí síléèwé àwọn tíṣà. Mo ṣe tíṣà, owó oṣù mi ni wọ́n sì fi ń rán àbúrò mi níwèé. Èmi wá ń ka tèmi lẹ́yìn iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí mo fi gba degree, mo gba master's. Ẹ má rò pé mò ń wá àánú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìdúpẹ́ PhD ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nílé, mo jó débi pé gèlè mi tú, inú mi sì burú débi pé mi ò lè gbé oúnjẹ mì.

Kò pẹ́ tó gbà á tán ni SAP dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí... yunifásítì tí kò bá daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba ológun á tì í pa, kò síbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́kíṣọ̀ tuntun. Ó bá wá sí Èkó. Ó rin Ikeja já, ó rin Agege já, gbogbo ilé iṣẹ́ tó wọ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ìwé ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ta ni ọ̀gá tó fẹ́ gba ẹni tó kàwé jù ú lọ sábẹ́ ara ẹ̀? Nígbà tí bàtà ẹ̀ ti lu, ó wá bá mi nílé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní Àǹtí mi, ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni mo máa ṣe. Mo ní kó gbé PhD yẹn pamọ́, kó sọ pé ìwé mẹ́wàá lòun ní, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ni mí, torí òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé ọ̀gá kankan ò gbọdọ̀ gba ẹbí ẹ̀ síṣẹ́. Mo fi í sí stóò. Ẹ máa ní oore ni mo ṣe, àbí? Oore ni lóòótọ́. Ó ń rí nǹkan jẹ, ó fẹ́yàwó, ó gba yàrá kan ní Dopemu, ìyàwó ẹ̀ ti lóyún báyìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i nínú kàkí yẹn, tó tẹrí ba lójú gbogbo òṣìṣẹ́, tó ní Good morning, Madam... mo wọ ọ́fíìsì mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú mi. Ẹ̀rín ayọ̀ ni. Mi ò ní pè é lórúkọ míì.

Màmá wa ò mọ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri nílé ni pé ọmọ àwọn tó jẹ́ dókítà ti di ọ̀gá pátápátá ní Èkó, òun ló sì fi àánú wáṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tí ọkọ ẹ̀ kú. Nígbà tí a lọ sílé lọ́dún Àjíǹde, wọ́n kì mí nílọ̀ lójú àbúrò mi, wọ́n ní kí n rọra máa bá ọ̀gá mi ṣe o, kí n má torí pé mo jù ú lọ máa ṣe fújà níbi iṣẹ́, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Bí ìwà ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ máa ń bí mi nínú.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gá wa àgbà, òyìnbó ni, ó sì fẹ́ máa padà sílùú ẹ̀. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn tó ni ilé iṣẹ́ lókè òkun fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà jẹ́ General Manager, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní PhD nínú ọ̀rọ̀ òwò ni wọ́n ń fẹ́, torí ẹni náà ló máa máa bá báǹkì àti àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ lásìkò líle yìí, wọ́n fẹ́ kí orúkọ ẹ̀ wúwo. Ó ní ṣé a ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wa? Mo ní a ò ní. Àbúrò mi wà nísàlẹ̀ fèrèsé tí mo jókòó tì, ó ń ka páálí sínú ọkọ̀, mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Òyìnbó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú, sà. Ó bá ní kò burú, èmi ni ìwé mi pọ̀ jù, ilé iṣẹ́ máa rán mi lọ ṣe é, òun á ṣì di ipò náà mú dè mí, ọjọ́ tí mo bá gba PhD ni àga di tèmi. Ilé gbígbé, ọkọ̀, dírẹ́bà. Ẹ sọ òótọ́, ta ni nínú yín tó máa ní ẹ dúró o, ẹnì kan wà ní stóò? Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó rò ó. Mo sì ti ráyè rò ó dáadáa látìgbà yẹn, tó bá tún bi mí lónìí, nǹkan kan náà ni mo máa sọ.

Àṣé ìwé kíkà lágbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo dé yunifásítì, supervisor mi ń sọ̀rọ̀, mò ń wo ẹnu ẹ̀ bí ẹní ń wo ẹja nínú omi. Statistics ni, theory ni, èwo ni kí n tọ́ka sí... Mo bá pe àbúrò mi. Mo sọ fún un pé ilé iṣẹ́ ló rán mi níwèé, mi ò sọ pé ẹni bíi tiẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ẹ̀ dùn! Àtìgbà tó ti wọ kàkí, mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn rí. Ó ní ọpọlọ òun ti ń dípẹtà. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè báyìí, tó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi ní Onígbòǹgbò, á jẹun, á nu tábìlì fúnra ẹ̀, á jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ẹni tí mò ń fi ṣe àǹfààní, òun ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣèlérí fún un pé ọjọ́ tí mo bá di General Manager ni màá mú PhD ẹ̀ jáde, màá fi í ṣe olórí ẹ̀ka kan. Ṣé mo fẹ́ ṣe é lóòótọ́? Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, mo rò pé mo fẹ́ ṣe é.

Ohun tí iṣẹ́ ìwádìí náà dá lé lórí ni bí ilé iṣẹ́ ṣe ń dá òṣìṣẹ́ dúró lásìkò ọ̀wọ́n. Èmi ni mo mú un, torí pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, láyé SAP yìí mo ti lé èèyàn títí ó ti sú mi. Òun ló wá kọ ọ́ débi pé supervisor mi ka chapter kẹta, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní Madam, ẹni tó kọ eléyìí mọ ohun tí ìyà ń jẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, Ọlọ́run ló ràn mí lọ́wọ́.

Nǹkan wá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Fúláwà ò wọlé mọ́, ẹ̀rọ kan dúró, ìkejì ń wúkọ́. Òyìnbó ń rìn káàkiri ilé iṣẹ́ pẹ̀lú mi láti wo ohun tó kù. A dé stóò, ó dúró níwájú àbúrò mi, ó bi í pé kí ló dé tí páálí tó wà nílẹ̀ fi pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, kí ló rò pé a lè ṣe sí i. Ìbéèrè gidi ni o, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo rí i tí ojú àbúrò mi là. Ó ti fa èémí, ó ti la ẹnu, èdè ti fẹ́ jáde... ó bá wo ojú mi. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó bá kẹ́jìká mọ́ra, ó ní: “Oga, me I no sabi big grammar o, na carton I dey count.” Nítorí mi ló ṣe ṣe é! Kí àṣírí mi má bàa tú, kí wọ́n má bàa ní mo purọ́ gbà á síṣẹ́, ọmọ tó ti gba PhD sọ ara ẹ̀ di òpè lójú gbogbo ayé. Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó tẹ̀ lé wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, tèmi ló sì ròkè jù.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, àṣẹ dé láti òkè òkun pé kí á tún dín òṣìṣẹ́ kù. Òyìnbó pè mí láti mú àwọn tó máa lọ. Ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ? Ó ní kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkùnrin stóò yẹn tí kò gbọ́ Òyìnbó. Mo ní yes, sir. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Kí n ní ó gbọ́ ọ? Kí n ní ó gbọ́ ọ ju ìwọ àti èmi lọ? Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni màá ka orúkọ wọn síta, kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi òyìnbó àtèmi.

Ẹ dúró, mi ò tíì sọ èyí tó burú. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi wá pẹ̀lú ìròyìn. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé ti di olórí ẹ̀ka nílé ẹ̀kọ́ gíga pólì kan lọ́nà jíjìn, ó fẹ́ gbà á ní lẹ́kíṣọ̀. Owó ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ilé tí wọ́n máa fún un ò ní omi, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ni wọ́n máa fi pè é, Dókítà Lágbájá, kò ní wọ kàkí mọ́. Ó jókòó síwájú mi, ó ní Àǹtí mi, kí ni ẹ rò sí i, ṣé kí n lọ? Òun ló ń bi mí o. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé wọ́n máa lé e. Mo mọ̀ dájú. Mo wo chapter tó wà lórí tábìlì, mo rí i pé ó ku ìkan, èyí tó kẹ́yìn, ó sì kù kó kọ́ mi bí mo ṣe máa dáhùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè mí síwájú àwọn olùdánwò. Mo ní kó má lọ. Mo ní kí ni èèyàn fẹ́ lọ fi PhD ṣe nínú igbó, kó fara dà á díẹ̀ sí i, ohun tó ń bọ̀ wá bá a ní Oregun ju ìyẹn lọ. Ó ní ó dáa, Àǹtí mi, àgbà ló mọ̀ ọ́n. Ó lọ kọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà bá fi tẹlifóònù pè mí lọ́fíìsì, torí nọ́ńbà ibẹ̀ ni àbúrò mi fi sílẹ̀ fún un. Ó ní òun ò gbà gbọ́ pé ó kọ̀ ọ́, ó ní òun máa di ààyè náà mú títí oṣù á fi parí, kí n jọ̀ọ́ bá òun bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹni tó lọ́pọlọ báyẹn kò yẹ kó ṣòfò. Mo ní màá sọ fún un. Mi ò tíì sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi gbé PhD yìí sórí òṣùwọ̀n. Tó bá jẹ́ pé ó níye lórí, kí ló dé tí kò fi lè gba àbúrò mi lọ́wọ́ páálí bísíkíìtì? Odindi Ikeja ló kó o kiri, kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Tó bá sì jẹ́ pé kò níye lórí, kí ló dé tí oorun ò fi kùn mí mọ́ nítorí ẹ̀? Kí ló dé tí òyìnbó fi ní tí n kò bá gbà á, àwọn máa mú ẹlòmíì wá láti ìta? Àwọn kan ní ìwé kọ́ ló ń múni débi gíga, wọ́n ní ẹni tó mọni ni. Ó dáa, èmi ni mo mọ àbúrò mi, ibo ni mo mú un dé? Mo ti rò ó títí. Lọ́wọ́ ẹni tó ní àga tẹ́lẹ̀, PhD ohun èlò ni. Lọ́wọ́ ẹni tí kò ní nǹkan kan, ohun tí wọ́n fi ń lé e jáde ni. Ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹ̀yin lẹ́kíṣọ̀, ẹ̀yin mánéjà tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ dá mi lóhùn, ṣé irọ́ ni?

Tí mo bá sọ fún un báyìí, ó máa kó ìyàwó ẹ̀, ó máa lọ sí pólì yẹn, chapter tó kù á kù síbẹ̀, àga á bọ́ lọ́wọ́ mi, èmi tí mo ti ń jí kàwé láti ọjọ́ yìí wá. Tí mo bá lọ jẹ́wọ́ fún òyìnbó pé dókítà tí wọ́n ń wá wà ní stóò, àbúrò mi á gorí àga, èmi ni wọ́n máa lé, torí mo tẹ òfin lójú, mo sì purọ́. Màmá wa máa wá ní òótọ́ ni àwọn ti ń sọ láti ọjọ́ yìí! Tí mo bá dákẹ́, á parí ìwé fún mi, á kọ́ mi bí mo ṣe máa dáhùn, oṣù á parí, pólì á gba ẹlòmíì, ọjọ́ Ajé á pé, màá dúró lórí àpótí lójú gbogbo òṣìṣẹ́, màá pe orúkọ bàbá mi mọ́ tiẹ̀, màá ní kó máa lọ. Ìyàwó ẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ nígbà náà. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé àyà mi ò já tó bó ṣe yẹ kó já.

Sọ́ńdè tó kọjá yìí ló bẹ̀rẹ̀ chapter tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń gba ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn lórí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Mo wà ní kíṣìnì, mò ń da ọbẹ̀ rú, ó pè mí láti ibi tábìlì. Ó ní Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Ó ní tí ilé iṣẹ́ bá ti mọ̀ pé àwọn ò ní nílò òṣìṣẹ́ kan mọ́, oṣù mélòó ṣáájú ló yẹ kí wọ́n ti sọ fún un, kó lè ráyè wá ibòmíì lọ? Mo dé ìkòkò ọbẹ̀. Mo ní jẹ́ kí n rò ó wò. Ó ní kò burú, ó fi ààyè sílẹ̀ nínú ìwé náà, ó ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ohun tí mo bá sọ lòun máa kọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ṣàánú mi, kí ni kí n ní kó kọ?